Ohun Tí Ubaydullah Mọ̀ Tí Kò Kọ Sílẹ̀

Ní àárọ̀ Ọjọ́rú kan nínú oṣù Ṣáwàlì, èyí tó tẹ̀ lé Rámádánì, Ìyá Àgbà Àlímọ̀t mu ògì, ó jẹ àkàrà tán ní àgbàlá ilé wọn ní Ẹnu Ọ̀wá, ó nu ọwọ́, ó sì gbé fóònù rẹ̀ lé orí itan bí ẹni tó ń retí àlejò. Kò gbààwẹ̀ lọ́jọ́ náà. Láti ìgbà tí Rámádánì ti parí ló ti ń gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́fà ti Ṣáwàlì, ṣùgbọ́n kò tò ó léra wọn. Ọjọ́ Ajé àti ọjọ́ Àlàmísì nìkan ló ń gbà á, bí ìyá tirẹ̀ náà ti máa ń ṣe nígbà ayé rẹ̀.

Qaanitah, ọmọ ọmọ rẹ̀ tó ń ta oògùn ní kẹ́míìsì kan lẹ́bàá ọjà Jankara, ti wọ bàtà tán. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá Àgbà, ṣé ẹ ti lo oògùn àárọ̀?"

"Fóònù ò tíì pè mí."

"Á pè láìpẹ́. Ẹ má gbàgbé o."

"Ṣé èmi ni mò ń gbàgbé? Fóònù ni kó o lọ bá sọ̀rọ̀."

Qaanitah rẹ́rìn-ín, ó sì bá ti iṣẹ́ lọ.

Ọ̀rọ̀ fóònù yìí ní ìdí. Ní ọdún mẹ́ta sẹ́yìn, Ìyá Àgbà lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru lẹ́ẹ̀mejì láàárọ̀ ọjọ́ kan, nítorí ó gbàgbé pé òun ti kọ́kọ́ lò ó. Ubaydullah, àbúrò Qaanitah, tó kàwé nípa kọ̀ǹpútà ní yunifásítì, tí kì í rí àlọ́ kó máà tú u, jókòó fún ọ̀sẹ̀ méjì, ó sì kọ ètò kan tó pè ní Ìránnilétí. Bí àkókò oògùn bá tó, ètò náà á pe fóònù arúgbó, á sì fi ohùn Qaanitah sọ fún un pé, "Ó tó àkókò oògùn yín o." Bí arúgbó bá lo oògùn tán, á tẹ nọ́ńbà kan. Orí kọ̀ǹpútà kẹ́míìsì ni Qaanitah ti ń bójú tó o fún arúgbó mọ́kànlélógójì ní àdúgbò wọn.

Ubaydullah kò fi ètò náà pamọ́. Ó gbé kóòdù rẹ̀, ìyẹn àwọn ìlànà tí kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé, sórí íńtánẹ́ẹ̀tì ní gbangba, kí ẹnikẹ́ni lè mú un lọ́fẹ̀ẹ́, kó wo inú rẹ̀, kó sì tún un ṣe bó bá rí ohun tó kù díẹ̀ káàtó. Àwọn ilé ìwòsàn kéékèèké ní ìlú mìíràn mú un, inú rẹ̀ sì dùn. Ṣùgbọ́n ní ojú ewé tó yẹ kí àlàyé bí wọ́n ṣe ń lò ó wà, gbólóhùn kan péré ló kọ síbẹ̀: "Àlàyé ń bọ̀ lọ́nà." Ọdún mẹ́ta ni àlàyé náà fi wà lójú ọ̀nà.

Kì í ṣe pé Ubaydullah ya ọ̀lẹ. Bí kóòdù bá ti ṣiṣẹ́, ọkàn rẹ̀ kì í dúró tì í mọ́, torí àlọ́ tí a ti tú kì í dùn ún tú lẹ́ẹ̀kejì. Bí ẹnikẹ́ni bá sì béèrè àlàyé lọ́wọ́ rẹ̀, ìdáhùn rẹ̀ kì í yàtọ̀: kóòdù wà ní gbangba, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lọ kà á.

Nígbà tó di nǹkan bí aago mẹ́wàá, ó wà lórí pẹ̀tẹ́ẹ̀sì níbi tó ti ń ṣiṣẹ́, ó gbọ́ tí nǹkan ṣubú ní àgbàlá. Ó yọjú lójú fèrèsé, ó rí fóònù Ìyá Àgbà nílẹ̀, kò sì rí kí Ìyá Àgbà bẹ̀rẹ̀ láti mú un. Nígbà tó fi máa sọ̀ kalẹ̀, Ìyá Àgbà ti fì sí ẹ̀gbẹ́ òsì bí ògiri tí òjò ti jẹ nídìí. Ẹnu rẹ̀ wọ́ sí apá kan. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ń jáde bí ti ẹni tó ki òwú sẹ́nu.

Alájọgbé wọn kan ti sáré mú àdí jáde pé kí wọ́n fi pa á lára. Òmíràn ń bu omi bọ̀. Bàbá Jimoh, àbúrò Ìyá Àgbà, tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ akọ̀wé kọ́ọ̀tù ní Igbosere, ló dá gbogbo wọn dúró. Ó ní kí ẹnikẹ́ni má fi ohunkóhun sí i lẹ́nu, torí ẹni tí ẹnu rẹ̀ ti wọ́ lè má lè gbé nǹkan mì, omi náà sì lè gba ọ̀nà èémí lọ. Ó ní kí Ìyá Àgbà gbé apá méjèèjì sókè. Ọ̀tún gòkè, òsì kò mira.

"Ẹ lọ wá mọ́tò," ó wí. "Kò sí ohun tí àdí fẹ́ ṣe sí èyí."

Wákàtí kan kò pé tí wọ́n fi dé ilé ìwòsàn. Dókítà tó gbà wọ́n wọlé sọ lẹ́yìn náà pé títètè dé yẹn ló yọ ọ́. Ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ti ru kọjá ààlà, ó sì ti ṣe ọpọlọ ní jàǹbá. Rọpárọsẹ̀ ni. Ó ní ẹ̀mí rẹ̀ kò bọ́, ọ̀rọ̀ rẹ̀ á sì máa já gaara díẹ̀díẹ̀, ṣùgbọ́n òun kò lè ṣèlérí nípa ọwọ́ òsì.

Dókítà béèrè irú oògùn tó ń lò. Qaanitah, tó ti sáré dé láti Jankara, kó àwọn páálí oògùn jáde nínú báàgì. Oògùn alẹ́ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Oògùn àárọ̀ kún fọ́fọ́. Dókítà yí páálí náà síhìn-ín sọ́hùn-ún, ó ń fi ọwọ́ ka àwọn tí wọn kò tíì bẹ́.

"Ta ló sọ fún màmá pé kí wọ́n má lo ti àárọ̀ mọ́?"

"Kò sí ẹni tó sọ bẹ́ẹ̀, mà."

"Ó ti di ọjọ́ mọ́kànlá tí wọn ò ti lò ó."

Dókítà fara balẹ̀, ó ṣàlàyé fún wọn pé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru kì í ṣe ohun tí èèyàn ń dá dúró fúnra rẹ̀, bí ara bá tilẹ̀ le koko. Ó ní ẹni tó bá fẹ́ gbààwẹ̀ lè gbà á, ṣùgbọ́n kó kọ́kọ́ wá rí dókítà kí ààwẹ̀ tó bẹ̀rẹ̀, kí wọ́n lè jọ to oògùn náà sí sààrì àti ìṣínu. Àwọn méjèèjì dúpẹ́. Ubaydullah ń mi orí, ṣùgbọ́n ohun mìíràn ló ń rò. Ìyá Àgbà kò gbàgbé oògùn. Fóònù ni kò pè é.

Ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì níta wọ́ọ̀dù, ó ṣí kọ̀ǹpútà rẹ̀, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í wá àléébù inú kóòdù. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ máa gbàdúrà pé kó wà níbẹ̀, torí àléébù ṣeé rí, ó ṣeé tún ṣe, èèyàn á sì lè sọ pé kọ̀ǹpútà ló jẹ̀bi. Nígbà tí wọ́n ń pe ìrun àsárì, ó ti ka gbogbo rẹ̀ tán. Kò sí àléébù kankan. Ètò náà ti ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe gẹ́lẹ́.

Bí ọ̀rọ̀ ṣe rí nìyí. Ní ọdún tó kọjá, ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí wọ́n jọ kàwé, Olúwatóbi, ọmọ Ìjẹ̀ṣà, fi apá kan kún ètò náà fún àwọn tó ń gbààwẹ̀. Bí wọ́n bá yan "Rámádánì", ètò náà á gbé oògùn ojúmọmọ lọ sí àkókò sààrì, á sì dá a padà fúnra rẹ̀ lọ́jọ́ ọdún. Bí wọ́n bá yan "Ààwẹ̀ mìíràn", àpótí kan á yọ tó ń béèrè ọjọ́ tí ààwẹ̀ náà máa parí. Bí àpótí yẹn bá ṣófo, ètò náà kò ní mọ ọjọ́ ààwẹ̀ yàtọ̀ sí ọjọ́ oúnjẹ. Nítorí kí ó má baà pe ẹni tó wà lẹ́nu ààwẹ̀ pé kó wá gbé oògùn mì, á dá gbogbo oògùn ojúmọmọ dúró títí ẹnìkan yóò fi wá sọ fún un pé ààwẹ̀ ti tán. Bí kò bá sì pè, kò ní fi àmì kankan sórí kọ̀ǹpútà kẹ́míìsì pé ẹnìkan kò lo oògùn.

Ààwẹ̀ Ìyá Àgbà kò ní ọjọ́ ìparí kan pàtó, torí ó ń fò ó ni. Qaanitah yan "Ààwẹ̀ mìíràn", ó wo àpótí náà, kò rí ọjọ́ tó lè kọ sí i, ó fi í sílẹ̀ bẹ́ẹ̀. Ó rò pé ètò náà á ṣe bó ti ṣe nígbà Rámádánì. Ìyá Àgbà ní tirẹ̀ ń retí ìpè láràárọ̀, bí kò bá sì dé, á rò pé nítorí ààwẹ̀ ni wọ́n ṣe ní kí òun sinmi oògùn àárọ̀ ọjọ́ náà, torí fóònù kì í parọ́ fún un.

Ìlà kóòdù kan ṣoṣo ló sọ gbogbo èyí, Ubaydullah sì mọ ìlà náà. Òun ló yẹ̀ ẹ́ wò, òun ló sì gbà á wọlé.

Ó pe Olúwatóbi, ó sì sọ ohun tó rí fún un. Olúwatóbi kọ́kọ́ bá a kẹ́dùn, ó béèrè bí màmá ṣe wà. Lẹ́yìn náà ló wá bọ́ sórí ọ̀rọ̀ àpótí náà.

"Ubaydu, mo bi ọ́ nígbà yẹn. Mo ní ṣé kí n kọ àlàyé rẹ̀ sí ibì kan."

"Kí ni mo sọ?"

"Lọ wò ó. Ó ṣì wà níbẹ̀."

Ó lọ wò ó. Ìbéèrè Olúwatóbi wà níbẹ̀ pẹ̀lú ọjọ́ àti aago tó fi ránṣẹ́, ìdáhùn tirẹ̀ sì wà lábẹ́ rẹ̀: "Má ṣe wàhálà, ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ á ka kóòdù." Olúwatóbi kò fi í ṣe yẹ̀yẹ́. Ó ní òun náà jẹ̀bi, torí òun béèrè, wọ́n ní kí òun má ṣe wàhálà, inú òun sì dùn pé iṣẹ́ ti dín kù. Kò sí ẹni tó di òun lọ́wọ́ mú pé kí òun má kọ ọ́.

Ọjọ́ mẹ́wàá ni Ìyá Àgbà lò ní ilé ìwòsàn. Láàárín ìgbà náà, àwọn ẹbí ti dájọ́ tiwọn. Wọ́n ní Qaanitah ló tẹ ohun tí kò mọ̀ ọ́n tẹ̀. Ẹ̀gbọ́n bàbá wọn kan sọ ọ́ lójú gbogbo èèyàn pé àwọn ọmọ òde òní ti fi fóònù rọ́pò làákàyè. Qaanitah kò já a níyàn. Ó ti sọ fún ọ̀gá rẹ̀ pé kí ó wá ẹlòmíràn tó máa bójú tó àwọn arúgbó náà, òun kò tún fẹ́ fọwọ́ kan ohun tó lè pa ìyá ẹnìkan.

Ubaydullah gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ọjọ́ mẹ́rin ló fi dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ náà kò sì jẹ́ kó rí oorun sùn. Ní ọ̀sán ọjọ́ Ìsinmi tó tẹ̀ lé ìgbà tí Ìyá Àgbà padà sílé, ó pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ sínú yàrá Bàbá Jimoh, ó sì sọ ohun tó mọ̀ láìfi ọ̀kan pamọ́. Ó fi ìdáhùn tó fún Olúwatóbi hàn wọ́n.

Qaanitah kà á, ó gbé fóònù náà kalẹ̀ pẹ̀lẹ́.

"Ọjọ́ méjìlá nìyí tí mo ti ń rò pé èmi ni mo fẹ́ pa wọ́n, Ubaydu. O mọ̀, o sì ń wò mí."

"Ẹ má bínú, Àǹtí mi."

"Mi ò tíì mọ̀ bóyá mo máa bínú tàbí mi ò ní bínú."

Bàbá Jimoh béèrè ohun kan tí kò yé e. Iṣẹ́ ta ni láti kọ àlàyé irú nǹkan báyìí? Ṣé ẹni tó ṣe é ni, àbí ẹni tó ń lò ó?

Ubaydullah ní ọ̀rọ̀ náà kò rọrùn tó bẹ́ẹ̀. Ó ní ọ̀fẹ́ ni àwọn ń ṣe é, kò sí ọ̀gá tó ń pín iṣẹ́. Ó ní púpọ̀ nínú àwọn tó mọ kóòdù kọ kò mọ bí wọ́n ṣe ń bá èèyàn sọ̀rọ̀ nínú ìwé, àti pé ẹni tó kọ nǹkan ti mọ̀ ọ́n débi pé kì í rí ibi tó rú ẹlòmíràn lójú mọ́. Ìdí nìyẹn tí òun fi rò pé àwọn tó ń lò ó ni yóò kọ ọ́.

"Èmi tí mi ò mọ̀ pé nǹkan rú mi lójú ńkọ́?" Qaanitah bi í. "Mo rí àpótí òfìfo, mo rò pé òfìfo ni. Báwo ni mo ṣe fẹ́ kọ ohun tí mi ò mọ̀ pé ó wà?"

Bàbá Jimoh tún ìjókòó ṣe. Ó ní ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n ni òun fi ṣiṣẹ́ ní Igbosere, òun sì ti rí adájọ́ oríṣiríṣi. Bí ẹlẹ́rìí bá ń sọ̀rọ̀, adájọ́ fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ sílẹ̀, tí á máa sọ fún lọ́yà pé kí ó rọra, kí kálámù lè bá ẹnu.

"Adájọ́ tó kàwé tó bẹ́ẹ̀, kì í sọ pé iṣẹ́ akọ̀wé ni. Òun ló máa dá ẹjọ́, òun náà ló máa kọ ìdí tó fi dá a bẹ́ẹ̀, torí kò sí ẹlòmíràn tó mọ ìdí náà. Àwa akọ̀wé á wá tẹ̀ ẹ́ kó ṣeé kà. Bí lọ́yà bá rí àṣìṣe níbẹ̀, á wá sọ. Gbogbo wa la ní ọwọ́ níbẹ̀. Ṣùgbọ́n bí adájọ́ bá fi ìdí ẹjọ́ sínú, kí ni akọ̀wé fẹ́ tẹ̀?"

Lọ́jọ́ kejì, Ubaydullah bẹ̀rẹ̀ sí í kọ ọ́. Ó rò pé wákàtí kan á tó. Ó gbà á ní ọjọ́ mẹ́ta. Ó gbé e fún Qaanitah, Bàbá Jimoh sì pàṣẹ pé bí Qaanitah bá ti ń kà á tó sì ń tẹ̀ lé e lórí kọ̀ǹpútà, Ubaydullah kò gbọ́dọ̀ la ẹnu, kò sì gbọ́dọ̀ na ìka. Ìyà ńlá ni. Qaanitah dúró ní ìlà kẹta, ó béèrè ohun tí "páràmítà" jẹ́. Ubaydullah kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun máa yọ ọ̀rọ̀ náà kúrò. Ní ìlà kẹsàn-án, Qaanitah tẹ ibi tí kò yẹ, nítorí ohun tí Ubaydullah pè ní "bọ́tìnnì òkè" kì í ṣe òun ló wà lókè jù lójú rẹ̀. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ló dúró. Ìgbà mẹ́rìndínlógún ni Ubaydullah kọ nǹkan sínú ìwé kékeré ọwọ́ rẹ̀. Ó tún ètò náà ṣe pẹ̀lú, kó má lè gba àpótí òfìfo mọ́ láìkọ́kọ́ kìlọ̀, kí ẹni tó ń fo ààwẹ̀ sì lè mú ọjọ́ rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan.

Nígbà tí gbogbo rẹ̀ parí, ó fi ìkìlọ̀ sí gbangba fún gbogbo ẹni tó ń lo Ìránnilétí, ó sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ sí ìyá ìyá rẹ̀, ó sì sọ pé òun mọ̀, òun kò kọ ọ́. Ó fi nọ́ńbà fóònù sí abẹ́ rẹ̀.

Ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, obìnrin kan pè é. Ó ní Khairiyyah ni orúkọ òun, nọ́ọ̀sì ni òun ní ilé ìwòsàn kékeré kan ní Ìlọrin. Ó kí i pẹ̀lẹ́ dáadáa. Ó wá ní ọ̀rọ̀ àpótí yẹn kì í ṣe tuntun lọ́dọ̀ àwọn. Ní èṣí, oògùn àtọ̀gbẹ bàbá kan dúró fún ọjọ́ mẹ́ta kí wọ́n tó fura. Láti ìgbà náà, àwọn ti kọ ọ́ sínú ìwé kan tí wọ́n so mọ́ ẹsẹ̀ tábìlì, pé kí ẹnikẹ́ni má fi àpótí náà sílẹ̀ lófìfo.

Ubaydullah bi í, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, ìdí tí wọn kò fi sọ fún òun.

"Ẹ̀yin lẹ ní àlàyé ń bọ̀ lọ́nà," Khairiyyah wí. "A rò pé ẹ̀ ń kọ ọ́ lọ́wọ́ ni. Àti pé mi ò mọ̀ pé ẹni tí kò mọ kóòdù lè fi nǹkan ránṣẹ́ sí yín."

Kò sí ìbínú nínú ohùn rẹ̀. Ubaydullah bẹ̀ ẹ́ pé kó ya àwòrán ìwé náà láti ojú ewé kìíní dé ìparí. Ojú ewé méjìlélógún ni. Ó rí ohun méje níbẹ̀ tí òun fúnra rẹ̀ kò mọ̀ nípa ètò tí òun kọ.

Láti ọjọ́ náà, òfin kan wà lórí Ìránnilétí. Ẹnikẹ́ni tó bá fi kóòdù kún un, ìbáà ṣe Ubaydullah, gbọ́dọ̀ fi àlàyé rẹ̀ tẹ̀ lé e, ní èdè tí nọ́ọ̀sì yóò gbọ́. Láìṣe bẹ́ẹ̀, kò ní wọlé. Ẹni tó ń lò ó tí nǹkan rú lójú lè pe fóònù, wọ́n á sì kọ ìbéèrè rẹ̀ síbẹ̀. Qaanitah ti padà sí ìdí iṣẹ́ àwọn arúgbó rẹ̀. Òun ni ó ń ka gbogbo àlàyé tuntun kí ó tó jáde, kì í sì í ṣàánú àbúrò rẹ̀.

Ìyá Àgbà ti ń sọ̀rọ̀ dáadáa. Orí àga ló ti ń kírun báyìí, Qaanitah ló sì ń bá a ṣan ọwọ́ òsì bó bá ń ṣe àlùwàlá. Nígbà tí Ubaydullah kúnlẹ̀ tó jẹ́wọ́ fún un, ó tẹ́tí sílẹ̀ dé òpin.

"Ṣé o ti sọ fún àwọn tó kù?"

"Mo ti sọ fún wọn, Ìyá Àgbà."

"Ẹni tí kò tíì gbọ́ ńkọ́?"

Ubaydullah ní òun ṣì ń wá wọn. Ìyá Àgbà ní kó dìde, kó máa wá wọn lọ.

Ẹ̀yin tí ẹ ń fi ètò sílẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́ fún gbogbo ayé, oore ńlá lẹ ń ṣe. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ kò tíì parí lọ́jọ́ tó bá ṣiṣẹ́ lọ́wọ́ yín. Ẹ kọ ohun tó ń ṣe, ẹ kọ ìdí rẹ̀, ẹ sì kọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀ bí èèyàn bá fi àyè kan sílẹ̀ lófìfo. Ẹ gbé e fún ẹni tí kò mọ nǹkan kan nípa rẹ̀, kí ẹ sì pa ẹnu mọ́ nígbà tó bá ń kà á. Ẹ̀yin tí ẹ ń lò ó, ẹ má fi ohun tí ẹ rí sínú ìwé ẹsẹ̀ tábìlì nìkan. Ẹ fi ránṣẹ́ sí ẹni tó ni ín, bí ẹ kò tilẹ̀ mọ ìlà kóòdù kan. Nígbà tí oníkálukú bá ń rò pé ẹnìkejì ló máa kọ ọ́, arúgbó kan wà níbì kan tí kò lo oògùn. Ta ló yẹ kó kọ ọ́? Ẹni tó bá kọ́kọ́ mọ̀ ọ́n ni. Kó sì kọ ọ́ lọ́jọ́ tó mọ̀ ọ́n gan-an.